Ẹ Bi Bàbá Nọ́ọ̀sì: Ta Ló Wò Ọ́ Lójú Tó Ní Testosterone Rẹ Ti Lọ Sílẹ̀?

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́wọ́ lójú ìwé yìí pé èmi fúnra mi ń gba abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà inú ara tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, lẹ́tà ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Àwọn kan kí mi kú oríire bí ẹni pé mo gbé ìyàwó tuntun. Ẹnì kan láti Ìkẹ́nnẹ́ béèrè bóyá mo lè ta díẹ̀ fún òun. Mi ò tà á o. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní Ṣágámù, mi ò sì ta oògùn rí. Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà rèé. Mo ti yọ orúkọ kúrò lára wọn.

*Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí, sọ̀míìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wa, ìyàwó mi sì fẹ́ ká bí ọ̀kan sí i. Ó ti tó ọdún kan báyìí tó máa ń rẹ̀ mí ṣáá. Tí mo bá ti délé, orun ló kù. Ọ̀rọ̀ obìnrin kì í wá sí mi lọ́kàn mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ mi ò bá ìyàwó mi jà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé irin ní jíìmù ní Ìjẹ̀bú-Òde wò mí lójú, ó ní testosterone mi ti lọ sílẹ̀. Ó ta abẹ́rẹ́ mẹ́rin fún mi, ó ní kí n máa gba ọ̀kan lọ́sẹ̀. Mo ti gba ọ̀kan. Mi ò ní purọ́, ara mi yá fún bí ọjọ́ márùn-ún. Ṣé kí n gba ìyókù? Ẹ jọ̀ọ́, mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo máa ń lo tramadol nítorí igi gbígbé. Gbogbo wa la ń lò ó níbí. — Onípákó, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Onípákó, ọmọ mi, má gba èkejì. Kó mẹ́ta tó kù sínú ọ̀rá, mú wọn dání lọ bá dókítà, kó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ìyàwó rẹ ń wá ọmọ, ìwọ sì ń gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi dán ìfètòsọ́mọbíbí ọkùnrin wò! Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde rẹ̀ jáde: wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí ara wọn le ní 200 mg testosterone lọ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ní kó o máa gba tìẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ó ju ìdajì wọn lọ tí wọn ò rí irú ọmọ kankan nínú àtọ̀ wọn mọ́. Àtọ̀ ń jáde o, ṣùgbọ́n omi lásán ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nǹkan kékeré kan wà tó tó ẹ̀wà, ó rọ̀ mọ́ abẹ́ ọpọlọ. Òun ló ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣiṣẹ́, kó máa ṣe testosterone. Tó o bá rí LH nínú ìwé àyẹ̀wò, ìránṣẹ́ yẹn nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́, o mọ ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí. Tí ìyá tó ni ibẹ̀ bá jí tó rí i pé ọkọ̀ ń já àpò gaàrí sílẹ̀ fún òun láti ibòmíì, ṣé á tún ní káwọn tó ń bẹ pákí wá lọ́la? Á ní kí wọ́n jókòó sílé. Ọpọlọ rẹ náà rí i pé testosterone kún inú ẹ̀jẹ̀, kò mọ̀ pé jíìmù ló ti wá. Kò ránṣẹ́ mọ́. Kóró ẹpọ̀n jókòó sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Tí èèyàn bá dá abẹ́rẹ́ dúró, ó sábà máa ń padà sípò, àmọ́ ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún kan, ti àwọn mìíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan péré lo gbà, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ lórí ìyẹn. Ti ọjọ́ márùn-ún tí ara rẹ fi yá, má gbọ́kàn lé e. Ẹni tó bá fowó ra nǹkan máa ń fẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ó ní òun wò ẹ́ lójú. Ṣé ojú ni wọ́n fi ń wò ó ni? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń gbà á, kó tó di aago mẹ́wàá, láìtíì fi nǹkan kan ẹnu, nítorí òwúrọ̀ ni testosterone máa ń ga jù lára ọkùnrin. Tó bá di ọ̀sán á ti wálẹ̀, oúnjẹ náà sì máa ń fà á wálẹ̀. Tí ti àkọ́kọ́ bá kéré, wọ́n á tún un gbà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti nǹkan ọkùnrin ní Amẹ́ríkà fi ààlà sí 300 ng/dL; èyí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kékeré. Láàbù mìíràn máa ń kọ tiẹ̀ ní nmol/L, 300 yẹn á wá di nǹkan bíi 10.4. Mo sọ èyí nítorí bàbá kan tó sáré wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, omi lójú rẹ̀, ó ní testosterone òun ku 14. Mo gba ìwé, mo wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. nmol/L ni. Ara bàbá le ju tèmi lọ! Mo fún un lómi mu, mo ní kó máa lọ sílé.

Ìwọ má tíì sáré lọ láàbù lọ́la o. Abẹ́rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, òun ni wọ́n máa kà. Sọ ọjọ́ tó o gbà á fún dókítà, òun ló máa mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

Mi ò fi ẹ́ ṣẹ̀sín, nítorí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí i. Ọmọ ọdún 57 ni mí nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó máa ń rẹ̀ mí, mo ní àìríṣẹ́ṣe ni. Báábà mi ní Ìpẹ́rù ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Bàbá, ṣé ibòmíì lẹ ti ń gé irùngbọ̀n báyìí ni?" Mi ò gé e níbì kankan. Irùngbọ̀n tí mò ń fá lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ti di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ sí ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn tí mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó bámúbámú. Kí n tó dìde lórí àga, wọ́n ti ń sọ iye abẹ́rẹ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún 31 nídìí iṣẹ́, mo ti ń tọwọ́ bàpò! Ìyàwó mi ló ní, "Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ bi àwọn ará Ṣágámù yín?"

Ní Ṣágámù, wọ́n gbà á láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàárín wọn. Ọ̀kan 198 ng/dL, èkejì 211. Testosterone mi kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n LH mi ga fíofío. Ọpọlọ ń pariwo, kóró ẹpọ̀n ò dá a lóhùn. Dókítà, ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí lọ́mọ, béèrè bóyá sẹ́gede ṣe mí rí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí. Mo wà lọ́mọ ọdún 17, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, màmá mi fi aró kùn ún. Nígbà tó yá, ìsàlẹ̀ náà wú, ọ̀kan ju èkejì lọ, mi ò lè rìn dáadáa. Mi ò sọ fún màmá mi. Ojú ń tì mí. Sẹ́gede tó bá mú ọkùnrin lẹ́yìn tó ti bàlágà lè ba kóró ẹpọ̀n jẹ́, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fáwọn aláìsàn láìmọye ìgbà láìronú kan ara mi. Ọmọ méjì ni mo bí lẹ́yìn rẹ̀ ṣá, mo dúpẹ́.

Tìẹ lè má rí bẹ́ẹ̀. Tramadol tó o kọ sí ìparí lẹ́tà rẹ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Tramadol, codeine àti gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn máa ń pa ìránṣẹ́ yẹn lẹ́nu mọ́. Tó bá jẹ́ òun ni, testosterone rẹ á kéré, LH náà ò ní ga. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń gòkè padà tí wọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: má sọ pé o dá a dúró lóòjọ́. Ẹni tó ti mọ́ lára á máa làágùn, inú á máa ṣí, orun ò ní kùn ún, tramadol tó bá sì ti pọ̀ jù lè mú kí gìrì gbé èèyàn. Dókítà á máa bá ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kó o tún sọ fún un tí orí bá ń fọ́ ẹ lemọ́lemọ́, tàbí tí o kì í rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí nígbà mìíràn, kókó kan ló ń hù sára nǹkan tó tó ẹ̀wà yẹn. Wọ́n á fi àyẹ̀wò prolactin, èròjà kan tí nǹkan yẹn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wá a.

Kí wọ́n tún yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ wò, kí wọ́n bi ìyàwó rẹ bóyá o máa ń hanrun tí èémí á fi dá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ obìnrin, tí ara ò dìde, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lára rẹ̀. Ẹni tí ọkàn fúnra rẹ̀ ò fẹ́ mọ́, bíi tìẹ, ìyẹn ló jọ ọ̀rọ̀ testosterone.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá já síbẹ̀, tẹ́ ẹ ṣì ń wá ọmọ, kì í ṣe testosterone ni dókítà tó mọṣẹ́ máa fún ẹ. Àwọn oògùn kan wà tó máa ń ta kóró ẹpọ̀n tìrẹ gan-an jí, bí abẹ́rẹ́ hCG, tàbí clomiphene táwọn obìnrin tó ń wá ọmọ mọ̀ dáadáa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ́ rẹ́rìn-ín pé oògùn obìnrin lò ń lò.

*Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ọkọ mi, ẹni ọdún 62, dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ wa ní Amẹ́ríkà. Dókítà wọn lọ́hùn-ún fún un ní jẹ́ẹ̀lì testosterone kan tó ń fi pa àyà àti èjìká láràárọ̀. Ara rẹ̀ ti yá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta, irun ń hù lágbọ̀n mi, irorẹ́ sì yọ sí mi lójú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, èmi ẹni ọdún 56. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, àyà bàbá ló ń sùn sí. — Ìyá Àgbà, Ìṣarà-Rẹ́mọ*

Ìyá, lẹ́tà yín ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi, ọjọ́ náà ni mo sì ti ránṣẹ́ síi yín, nítorí ọmọ yẹn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀lì náà kí wọ́n tó bi yín. Jẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń ràn. Ó ń ti ara ẹni tó fi pa ara bọ́ sára ẹni tó bá fara kàn án, àṣọ ìbora àti aṣọ orun náà sì lè gbé e. Ọmọdé tó bá ń gba ara bàbá bẹ́ẹ̀, irun lè hù lábẹ́ rẹ̀ láìtọ́jọ́, ara rẹ̀ lè máa dàgbà sáré. Bí wọ́n bá tètè yà á kúrò níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀, tiyín náà bẹ́ẹ̀.

Bàbá ò ní láti jáwọ́. Kó kúrò lórí àyà, èjìká àti òkè apá ni kó máa fi pa. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, kó jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kó wọ aṣọ bò ó. Tí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ra, tàbí tó bá fẹ́ gbé ọmọ, kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Bí èyí bá nira fún un, kó ní kí dókítà yí i sí abẹ́rẹ́. Mi ò tíì gbọ́ kí abẹ́rẹ́ ran ìyàwó.

Ìbéèrè tèmi fún un rèé: láti ìgbà tó ti dé, ta ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Kó ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé e yìí.

*Àbúrò, mo kí ẹ. Ẹni ọdún 69 ni mí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ bó o ṣe máa ń kọ ọ́, ó kéré, dókítà ní ká bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní á fún mi ní jẹjẹrẹ prostate, á sì dá ọkàn mi dúró. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ni ìwọ rí níbẹ̀? — Bàbá Odò-Ògbólú*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbẹ̀rù tó wà lára ẹ̀gbọ́n yín wà lára èmi náà. Ti prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin: ohun tá a mọ̀ ni pé ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ náà lára kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lérò ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò PSA, ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ prostate, tí dókítà á sì fi ìka yẹ ìdí wò, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Kò sí ẹ̀rí tó dúró pé abẹ́rẹ́ náà ń dá a sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in. Ti ọkàn: ní 2023, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TRAVERSE jáde. Ó ju 5,000 ọkùnrin lọ, láti ẹni ọdún 45 sí 80, gbogbo wọn ló ní àrùn ọkàn tàbí ohun tó lè fà á. Ìdajì lo jẹ́ẹ̀lì testosterone, ìdajì lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ò pọ̀ lára àwọn tó lò ó ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ kí ọkàn máa lù ségesège, kí ẹ̀jẹ̀ dídì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí kíndìnrín dédé ṣíwọ́, àwọn wọ̀nyẹn pọ̀ díẹ̀ lára wọn. Ẹni tí ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ bá ṣe láàárín oṣù mẹ́fà, kó dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ ní kí ni mo rí. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ki. Testosterone máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa pọ̀; àyẹ̀wò PCV tí gbogbo wa mọ̀, tó ń sọ ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń wò ó. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, tèmi jẹ́ 38. Lọ́dún kejì, ó di 55. Inú mi ń dùn pé mo lẹ́jẹ̀ lára, dókítà ò rẹ́rìn-ín. Tó bá ti kọjá 54, wọ́n máa ń dá a dúró, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki bẹ́ẹ̀ lè dì sínú iṣan. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, ó wá dá a padà pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré díẹ̀. Àwọn oṣù mẹ́ta yẹn ò dùn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí nítorí kóró ẹpọ̀n tó ti bàjẹ́ bíi tèmi, ó ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó ṣeé ṣe kó máa ṣe lọ títí. Àyẹ̀wò testosterone, PCV àti PSA, wọ́n á ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.

250 mg ni tèmi nígbà yẹn, lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, sí ìdí. Irú tí wọ́n fún mi, òróró ẹ̀pà ni wọ́n pò ó mọ́, nítorí náà tí ẹ̀pà bá ń bá yín jà, ẹ sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń dùn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo máa ń kan bí ọtí kíkan, ìyàwó mi ò nílò kàlẹ́ńdà láti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti ń tán. Kò sọ mí di ọmọ ogún ọdún. Irùngbọ̀n mi padà, mo ń rìn láti ilé mi dé ọjà Ìpẹ́rù láì jókòó sójú ọ̀nà, mo sì lè ka ìwé ìròyìn tán láì sùn lé e lórí. Ti iyàrá, ó sàn díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Díẹ̀ ni mo ní.

*Ẹ̀gbọ́n, alápatà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn oníbàárà mi máa ń du ẹpọ̀n màlúù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó ń fún ọkùnrin lágbára ju abẹ́rẹ́ yín lọ. Ṣé òótọ́ ni? — Alápatà*

Alápatà, lọ́dún 1935, ní Amsterdam, Ernst Laqueur àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lo nǹkan bíi 100 kg ẹpọ̀n akọ màlúù kí wọ́n tó rí 10 mg testosterone fà yọ nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí mò ń gbà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 250 mg ni. Ṣírò rẹ̀ wò: 2,500 kg ẹpọ̀n. Màlúù mélòó lo pa ní Iléyá tó kọjá? Èyí tí èèyàn bá sì jẹ gba ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀ á ti bà á jẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Máa tà á lọ, ẹran ni, sáà má pè é ní oògùn fún wọn. Ìyàwó mi máa ń fi ata rodo àti àlùbọ́sà dín in, mi ò sì í ṣẹ́ ẹ kù.